Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Erè Àjèjì àti Àwọn Ẹranko Kéékèèké Inú Àbàtà Florida

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ń gbé ní Homestead, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú máa ń sọ pé láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ehoro àti oríṣiríṣi ẹranko kéékèèké kì í wọ́n ní ojú ọ̀nà tó gba inú àbàtà Everglades kọjá, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ènìyàn lè wakọ̀ títí di ọ̀gànjọ́ kí ó má rí ẹyọ kan. Wọ́n ní erè ló jẹ wọ́n tán. Ṣé òótọ́ ni, àbí àhesọ? Báwo ni wọ́n sì ṣe mọ̀ pé erè ni, tí kì í ṣe àìsàn tàbí ọwọ́ ọmọ ènìyàn?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni àwọn àgbà yẹn ń sọ, arábìnrin wa, ẹ̀rí tó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lágbára púpọ̀. Erè tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rárá. Gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni orírun rẹ̀, ní àwọn ilẹ̀ bíi Thailand, Vietnam àti Myanmar tí wọ́n ń pè ní Burma tẹ́lẹ̀, èyí ló fà á tí wọ́n fi ń pè é ní Burmese python. Àwọn oníṣòwò ẹranko ọ̀sìn ló kó o wọ Amẹ́ríkà; láàárín ọdún 1996 sí 2006 nìkan, iye tí wọ́n kó wọlé lé ní 90,000. Nígbà tí wọ́n bá rà á, ọmọ erè tí ènìyàn lè gbé dání ni, ṣùgbọ́n láàárín ọdún mélòó kan yóò ti gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, ẹni tó rà á kò ní ní ibi tí yóò fi í sí mọ́, àwọn kan yóò sì lọ tú u sílẹ̀ nínú igbó lóru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń di ẹ̀bi náà ru ìjì líle Andrew, tó wó ilé kan tí wọ́n ti ń sin erè ní agbègbè yín ní 1992. Ìjì náà lè lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti rí erè kan ní etí Everglades láti 1979, ìyẹn ọdún mẹ́tàlá kí ìjì Andrew tó jà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, àwọn onímọ̀ gbà pé kì í ṣe ẹranko ọ̀sìn tó sá kúrò nílé nìkan ló wà níbẹ̀ mọ́: erè ti ń yé ẹyin, ó sì ti ń pa ọmọ nínú àbàtà náà.

Ní ti bí wọ́n ṣe mọ̀, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ẹranko tí wọ́n kà. Ní 1996 àti 1997, kí erè tó pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti wakọ̀ lálẹ́ ní ojú ọ̀nà inú ọgbà ìpamọ́ Everglades, wọ́n sì ka gbogbo ẹranko tí wọ́n rí, ààyè àti òkú. Láàárín 2003 sí 2011, àwọn olùwádìí tún ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, ìrìn wọn lápapọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 57,000 kìlómítà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2012, ó sì bani nínú jẹ́ gidigidi. Raccoon, ẹranko onírun eérú tó ní àbàwọ́n dúdú lójú, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń rí jù tẹ́lẹ̀, ti dínkù ní ìdá 99.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Opossum, tó máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ara ikùn, dínkù ní ìdá 98.9. Bobcat, tó jẹ́ ológbò igbó ilẹ̀ wọn, dínkù ní ìdá 87.5. Ní ti ehoro àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, wọn kò rí ẹyọ kan ṣoṣo ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tó yẹ kí á fi ọkàn sí ni pé ibi tí erè ti pẹ́ jù lọ, ní ìkángun gúúsù ọgbà náà, ni àdánù náà ti pọ̀ jù, nígbà tí ẹranko ṣì wà ní àwọn ibi tí erè kò tíì dé tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè sọ pé bí nǹkan méjì bá ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ohun tí ẹ̀yin náà bi wá nìyẹn, àwọn onímọ̀ sì bi ara wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Láti yanjú rẹ̀, wọ́n mú ehoro àbàtà, ehoro aláwọ̀ pupa rúsúrúsú kan tó mọ omi í wẹ̀ dáadáa, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ibi tí ẹranko wà mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀, àwọn kan nínú ọgbà Everglades, àwọn yòókù ní ìta ọgbà náà. Láàárín oṣù mọ́kànlá, nínú gbogbo ikú tó pa ehoro inú ọgbà, ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé erè ló pa wọ́n, bí ooru bá sì ṣe ń mú sí i ni pípa náà ń pọ̀ sí i. Ní ìta ọgbà, erè kò pa ẹyọ kan. Níbẹ̀, ìdá 71 nínú àwọn ikú tí wọ́n mọ ohun tó fà á ló ti ọwọ́ àwọn ẹranko apẹranjẹ tó ń fọ́mọ lọ́mú wá, bó ṣe yẹ kó rí níbi tí ayé ẹranko bá ṣì wà létòlétò. Ìdánwò yìí jáde ní 2015. Ní tèmi, òun ló pa àríyànjiyàn náà, nítorí pé ehoro jẹ́ ẹranko tó ń bímọ léraléra, tó yẹ kí ó tètè kún padà níbikíbi tí koríko àti omi bá wà. Bí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kò bá lè dúró, kí ni ká ti sọ nípa raccoon tó máa ń bímọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdẹ ni mí ní agbègbè Ìgbẹ́tì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí erè nínú igbó wa, mo sì ti pa èyí tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlá lọ. Síbẹ̀, ọ̀yà, òkété, ẹmọ́ àti ọ̀kẹ́rẹ́ ń bẹ nínú igbó kan náà láti ayé àwọn baba wa. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa erè ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì yà mí lẹ́nu. Kí ló dé tí erè tiwa kò jẹ ẹran igbó tán?

Ìdáhùn: Baba ọdẹ, ìbéèrè yín yìí gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà, ẹ óò sì dárí jì wá bí ìdáhùn rẹ̀ bá gùn díẹ̀.

Ohun kìn-ín-ní ni pé erè àti ẹran tó ń pa jẹ nínú igbó wa ti jọ ń gbé láti ìgbà tí ènìyàn kò tíì dá oko sílẹ̀ níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà gígùn yẹn, òkété tí kò mọ òórùn erè, tí kò sì mọ̀ pé kò yẹ kí òun gba ẹnu ihò tó dákẹ́ jù wọlé, kò pẹ́ láyé tó fi bí ọmọ púpọ̀. Èyí tó ń fura ló ń yè, ọmọ rẹ̀ ni ó sì kún inú igbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń dẹ̀gbẹ́ lóru mọ ìfura àwọn ẹran wọ̀nyí ju àwa tí à ń jókòó kọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n ní Florida, ejò ìbílẹ̀ tó gùn jù lọ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè gbé àgbà raccoon mì. Etí omi ni raccoon ti ń wá oúnjẹ rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni erè máa ń lúgọ sí, ara rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ àti ewé gbígbẹ kò sì jẹ́ kí ojú tètè rí i. Raccoon a máa rìn lọ bá ikú rẹ̀ láìfura, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìran rẹ̀ tó bá irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ pàdé rí.

Èkejì ni pé erè tiwa ní àwọn tó ń ká a lọ́wọ́ kò. Awọ́nrínwọ́n a máa jẹ ẹyin rẹ̀, àṣá a máa gbé ọmọ rẹ̀, ọ̀nì a máa pa á nínú omi, ẹ̀yin ọdẹ náà sì wà nínú wọn, nítorí pé ẹran rẹ̀ àti awọ rẹ̀ ní ọjà. Ní Everglades, alligator tó jẹ́ ẹbí ọ̀nì máa ń pa erè, erè náà sì máa ń gbé alligator mì. Ní 2021, ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá ìtẹ́ erè kan ká bobcat mọ́ ibi tó ti ń jẹ ẹyin inú rẹ̀, inú àwọn olùwádìí sì dùn, torí ó fi hàn pé àwọn ọmọ ilẹ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń gbéjà ko àlejò náà. Àmọ́ abo erè kan lè yé ẹyin 50 sí 100 lẹ́ẹ̀kan, iye bobcat tó kù níbẹ̀ kò sì lè pa ìyẹn run.

Ẹ̀kẹta, tí mo rò pé òun ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, wà nínú ara erè fúnra rẹ̀. Bí ẹranko ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná bíi kìnnìún tàbí ẹkùn bá pa ẹran agbègbè rẹ̀ tán, ebi yóò pa á, yóò dínkù tàbí kí ó ṣí lọ, àwọn ẹran tó ṣẹ́ kù yóò sì ráyè bí sí i. Báyìí ni apẹranjẹ àti ohun tó ń pa jẹ ṣe máa ń dọ́gba ara wọn. Erè kò sí lábẹ́ òfin yìí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí erè tó gbé ẹtu mì mọ iye ìgbà tó fi ń sùn tì í. Ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun, nítorí pé kì í lo oúnjẹ láti mú ara rẹ̀ gbóná. Ní Florida, irú ẹranko tí wọ́n ti bá nínú ikùn erè lé ní 70, tí ẹyẹ omi pọ̀ nínú wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, nígbà tí ehoro di ohun àwátì, erè kò kú. Ẹyẹ ló kọjú sí, ó sì ń dúró de ehoro tó bá tún ṣèèṣì yọjú.

Kí ẹ má baà rò pé ìwà erè Éṣíà ló burú ju ti erè ilẹ̀ wa lọ, erè tí ẹ ń pa ní Ìgbẹ́tì yìí náà ti dé Florida. Ìran rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ní ibì kékeré kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Miami, ọ̀nà ọjà ẹranko ọ̀sìn kan náà ló sì gbà débẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó Burmese python wọ orílẹ̀-èdè wọn ní 2012, erè ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí òfin náà dárúkọ. Nínú igbó tiwa, ìbọn, iná igbó àti bí a ti ń pa igbó rẹ́ ló ń lé ọ̀yà àti òkété lọ. Ẹ má di ìyẹn ru erè.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè pé eku àti ehoro lásán ni wọ́n, kí ló kan ọmọ ènìyàn bí wọ́n bá tán? N kò rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un.

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí ọmọ náà. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un nípa ẹ̀fọn.

Nínú gbogbo ẹranko kéékèèké Everglades, eku kan wà tó ń gbé inú koríko, tí wọ́n ń pè ní hispid cotton rat, tó jẹ́ pé erè kò rí i pa tán, nítorí pé ó kéré, ó sì ń bí ọmọ kíákíá. Ẹ̀fọn kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Culex cedecei ni orúkọ rẹ̀, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹranko onírúurú. Nígbà tí raccoon, opossum, ehoro àti àgbọ̀nrín wà, ẹ̀fọn yìí a máa mu díẹ̀ lára èyí, díẹ̀ lára tọ̀hún. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ inú ikùn ẹ̀fọn náà wò ní 1979, ìdá 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ara eku yìí wá. Nígbà tí wọ́n tún wò ó ní 2016, ó ti di ìdá 76.8. Eku yìí kan náà ni kòkòrò àrùn kan tí wọ́n sọ ní orúkọ Everglades máa ń sá pamọ́ sí lára, àrùn náà sì lè mú ènìyàn ní ibà, ó sì lè dé ọpọlọ nígbà mìíràn. A kò sọ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ o. Ohun tí à ń wí ni pé àwọn ẹranko tó máa ń gba ìbùnijẹ ẹ̀fọn sára, tí àrùn náà kò sì lè ti ara wọn tàn lọ bíi ti eku, ti kúrò láàárín, ó wá ku eku, ẹ̀fọn àti ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró lórí ẹ̀fọn. Erè Éṣíà gbé aràn ẹ̀dọ̀fóró kan wá pẹ̀lú ara rẹ̀, Raillietiella orientalis, aràn náà ti ran àwọn ejò ìbílẹ̀ Florida, ó sì ń pa wọ́n, títí kan ní àwọn ibi tí erè fúnra rẹ̀ kò tíì dé.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín rò pé ohun tó bá kan ènìyàn nìkan ló yẹ ká ṣàánú. Ní ìhà àríwá Key Largo, erékùṣù kan ní gúúsù Florida, eku igbó kan wà tí kò sí níbòmíràn lórí ilẹ̀ ayé. Igi wẹ́wẹ́ ló máa ń kó jọ fi kọ́ ilé ńlá fún ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Láti 1984 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹranko tó fẹ́ parun, nítorí pé ilé àwọn ènìyàn ti gba igbó rẹ̀, ológbò wọn sì ń pa á. Nígbà tó di 2007, àwọn olùwádìí tó ń tọpa eku kan tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lọ bá ẹ̀rọ náà nínú ikùn erè. Àwọn ènìyàn kan ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ibùgbé fún eku náà nínú igbó, kí ó lè rí ibi sá sí. Bí ẹranko tó ní ilẹ̀ kan ṣoṣo ní ayé bá pa rẹ́ níbẹ̀, kò sí ibi tí a ó ti lọ mú òmíràn wá. Èmi gbà pé ìyẹn nìkan tó láti dá ọmọ náà lóhùn.

Ìbéèrè: Ní Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé. Amẹ́ríkà ní owó, wọ́n ní ìbọn, wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú. Kí ló dé tí wọn kò kúkú pa erè náà tán? Bí wọ́n bá pa á, ṣé wọn kò lè jẹ ẹ́ ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ń pa á, ṣùgbọ́n rírí i ni ìṣòro. Ọgbà Everglades fẹ̀ tó nǹkan bí 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ omi àti koríko tí ọkọ̀ kò lè gbà. Àwọn onímọ̀ ìjọba sọ pé bí ènìyàn bá tilẹ̀ dúró síbi tí erè wà, àǹfààní pé yóò fojú rí i kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 2013 ni ìpínlẹ̀ Florida ti ń ṣe ìdíje erè pípa. Nǹkan bí 1,600 ènìyàn ló jáde ní ọdún àkọ́kọ́, erè 68 péré ni wọ́n sì rí. Ní 2025, wọ́n pa 294. Láti 2017 ni wọ́n ti ń san owó fún àwọn ọdẹ tó mọ iṣẹ́ náà, láti ọdún 2000 títí di àkókò yìí, iye tí wọ́n ti mú kúrò lé ní 23,000. Òtútù náà gbìyànjú: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, otútù líle pa mẹ́sàn-án nínú erè mẹ́wàá tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́, àmọ́ àwọn tó yè tún kún ilẹ̀ padà.

Ọ̀nà tó wú mi lórí jù ni ti àjọ Conservancy of Southwest Florida. Akọ erè ni wọ́n ń lò. Wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ inú ara rẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀, nígbà tí àsìkò tí akọ máa ń gun abo bá sì tó, yóò mú wọn lọ tààrà sí ibi tí abo ńlá wà. Báyìí ni wọ́n ṣe rí abo kan tó wúwo ju kílò 97 lọ, tí ẹyin 122 sì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2022. Abo erè kan bẹ́ẹ̀ tí a bá mú kúrò ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ọmọ erè lọ.

Ní ti jíjẹ ẹ́, àwọn aláṣẹ ìlera ibẹ̀ kò gbà á nímọ̀ràn. Èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní mercury pọ̀ nínú omi Everglades, ó ń ti ara ẹja kékeré bọ́ sí ara ẹyẹ àti ẹranko, erè tó ń jẹ gbogbo wọn ló sì ń kó o jọ sára.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí ní Orlando. Ọ̀rẹ́ mi kan ní erè kékeré tí wọ́n ń pè ní ball python, ó sì sọ fún mi pé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti kó o wá. Ó fẹ́ ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ó wá ń sọ pé òun yóò tú u sílẹ̀ nínú igbó kí ó lè lómìnira. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún un kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ nípa ibi tí ejò náà ti wá, nítorí pé Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà ni ọ̀pọ̀ irú erè bẹ́ẹ̀ ti ń wọ ọjà Amẹ́ríkà. Kì í tóbi bíi ti Burmese python, kò sì tíì di ẹni tó ń bí ìran kún igbó Florida, ṣùgbọ́n bí àwọn tó kọ́kọ́ tú Burmese python sílẹ̀ náà ṣe rò nìyẹn, pé ejò kan kò lè ba nǹkan jẹ́. Ó lè kó aràn tàbí àrùn ran ejò ìbílẹ̀, òun náà sì lè kú sínú òtútù. Ètò kan wà tí àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Florida tó ń mójú tó ẹja àti ẹranko igbó ń ṣe, Exotic Pet Amnesty Program ni wọ́n ń pè é, níbi tí ẹni tí kò lè tọ́jú ẹranko àjèjì mọ́ ti lè fi í lé wọn lọ́wọ́ láìsan owó, láìsí ìjìyà, wọn á sì bá a wá ẹlòmíràn tó kúnjú ìwọ̀n láti gbà á tọ́. Kí ọ̀rẹ́ yín kàn sí wọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù, nítorí pé wíwá alágbàtọ́ lè gba àkókò díẹ̀.